Ara mi ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: ìbéèrè táwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń bi mí tí téèpù bá ti wà nídìí wọn

Télọ̀ ni mí, Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Tí ìyá ọlọ́mọ bá dúró kí n wọ̀n ọ́n, kò sóhun tó lè fi pamọ́ fún mi, ẹnu ẹ̀ náà á sì là. Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí láti ọjọ́ yìí, mo wá kó o jọ síbí. Ohun tó jẹ mọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì tún bi wọ́n kí n tó kọ ọ́. Èmi kì í ṣe dọ́kítà o.

Mo ti bímọ tán, kí ló dé tí ikùn mi ṣì dà bíi ti olóyún oṣù márùn-ún?

Ilé-ọmọ ò tíì padà sáyè ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bímọ, orí ẹ̀ ṣì wà níbi ìdodo, ó sì wúwo tó kílò kan. Ojoojúmọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìbú ìka kan, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á ti kéré padà bó ṣe wà. Inú tó máa ń run yín tọ́mọ bá ń mu ọmú, ilé-ọmọ tó ń súnkì nìyẹn, ó sì máa ń le jù fẹ́ni tó ti bí èkejì tàbí ẹ̀kẹta, èmi gan-an tórí ẹ̀ gé pílò jẹ nígbà àbíkẹ́yìn mi.

Awọ ikùn àti iṣan abẹ́ ẹ̀ náà, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi fẹ̀, wọn ò lè wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣebí "ẹ kú ewu ọmọ" la fi ń kí ara wa, ewu lẹ là kọjá, kì í ṣe ọjà Sábó lẹ lọ ná dé.

Ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́rin, ṣé kí n gbé aṣọ mi àtijọ́ wá kẹ́ ẹ fi gé tuntun?

Rárá o, ẹ má ṣe é fún mi. Ọjọ́ kẹjọ ni, ikùn ò tíì lọ, ọmú ti kún, sáìsì ọjọ́ yẹn ò jọ ti àná, kò sì ní jọ ti oṣù mẹ́ta sígbà yẹn. Ẹnì kan ní kí n fi sáìsì ìgbà tí kò tíì lóyún rán gáùn olójú síìpù fóun, lọ́jọ́ ìkómọ síìpù dúró sáàárín ẹ̀yìn kò lọ kò bọ̀, ìborùn la fi bo ẹ̀yìn ẹ̀ nínú gbogbo fọ́tò.

Ìró àti bùbá ni mo máa ń sọ fún yín. Ìró ò bi yín pé ínṣì mélòó lẹ jẹ́. Tó bá jẹ́ gáùn dandan, ẹ jẹ́ n fi róbà sẹ́yìn, kí iwájú jẹ́ oníbọ́tìnnì kọ́mọ lè rí ọmú mu láìjẹ́ pé ẹ bọ́ra sílẹ̀ níwájú àlejò. Kí n tún wọ̀n yín lẹ́ẹ̀mejì, kọ́mọ tó mu ọmú àti lẹ́yìn tó mu tán, torí mo ti rí àyà tó fi ínṣì kan yàtọ̀ láàárín wákàtí méjì.

Kílò mélòó ló máa ń lọ lọ́jọ́ tá a bá bímọ?

Bíi márùn-ún sí mẹ́fà. Ọmọ fúnra ẹ̀ bíi kílò 3, ibi ọmọ bí ìdajì kílò tàbí kó lé díẹ̀, omi àti ẹ̀jẹ̀ ló kù. Ẹni tó fi kílò 13 sí i nígbà oyún, kó má yà á lẹ́nu pé bíi méje ṣì kù lára. Omi tó wú sẹ́sẹ̀ àti ọwọ́ á tún bá ìtọ̀ àti òógùn lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ jí lóru kí aṣọ yín rin gbingbin.

Ìgbà wo gan-an lara mi máa padà sí bó ṣe wà?

Èyí ni mò ń gbọ́ jù, ẹ sì máa ń bi mí bíi pé èmi ni mo jí ara náà gbé. Ẹ jẹ́ n pín in bí mo ṣe ń rí i. Àwọn kan á lọ fúnra wọn láìfọwọ́kàn: wíwú ẹsẹ̀, ìlà dúdú àárín ikùn, irun tó ń já, ilé-ọmọ. Àwọn kan ń fẹ́ iṣẹ́: iṣan ikùn, iṣan ìsàlẹ̀ tó ń di ìtọ̀ mú, ọ̀rá. Àwọn kan ò lọ síbì kankan mọ́: ìlà tó ya sára, ẹsẹ̀ tó fẹ̀, àpá ọ̀bẹ. Ohun tó ń pa yín lẹ́kún ni pé ẹ ń bá ti ìkẹta jà bíi pé ti ìkíní ni, ẹ wá káwọ́ gbera ẹ ń wo ti ìkejì bíi pé ti ìkẹta ni.

Téèpù tèmi rèé kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mò ń sọ̀rọ̀ lásán. Kí n tó bí àkọ́bí, ìbàdí mi jẹ́ ínṣì 28. Nígbà tọ́mọ náà pé oṣù mẹ́sàn-án, 31. Lónìí lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta, 34. Mi ò rí 28 mọ́ látọjọ́ náà, mi ò sì wá a mọ́.

Kírímù wo ló ń pa ìlà ikùn àti itan rẹ́?

Kò sí. Awọ ìsàlẹ̀ ló já, kírímù orí awọ ò débẹ̀, ẹni tó bá ní tòun ń débẹ̀, owó yín ló fẹ́ kó débi tòun. Òrí tàbí òróró àgbọn tó ti Àgbádárìgì wá á jẹ́ kó rọ̀, á sì dín yíyún ẹ̀ kù, ó tán. Á dúdú tàbí kó pọ́n lákọ̀ọ́kọ́, tó bá yá á ṣá, ẹ ò ní máa rí i bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí tó dúdú nígbà oyún máa ń dín kù fúnra ẹ̀, àmọ́ oòrùn ń dá a padà, torí náà agboòrùn tàbí fìlà. Èyí tí mò ń bẹ̀ yín sí ni kírímù tí wọ́n pò nínú ike tí kò lórúkọ, mẹ́kúrì lè wà níbẹ̀, hydroquinone, kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀, lè wà níbẹ̀, orí àyà yẹn náà lọmọ ń sùn, ibẹ̀ ló ń fẹnu sí.

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin, irun iwájú mi ń já wọ̀ọ̀, ṣé wọ́n ń ṣe mí ni?

Ẹnikẹ́ni ò ṣe yín. Nígbà oyún, irun tó yẹ kó máa já lójoojúmọ́ kì í já, ó ń kó jọ, òun lẹ fi ń ṣe fáàrí nígbà yẹn. Tọ́mọ bá ti ń lọ sí bí oṣù mẹ́ta, gbogbo gbèsè yẹn nirun á san lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ni tiwọn ti ń hù padà kọ́mọ tó pé ọdún kan, ẹ ó rí kékeré kékeré tó dìde dúró níwájú orí bíi búrọ́ṣì.

Ohun tó ń sọ ọ́ di apárí ni irun dídì tó fa awọ orí, àti gúlúù wíìgì. Ẹ dì í kó rọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gé e sílẹ̀. Tó bá lé lọ́dún kan tí kò dáwọ́ dúró, tó sì ń rẹ̀ yín tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ lè kéré lára.

Bàtà mi ò wọlé mọ́, 39 ni mò ń wọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ ra 40. Oyún máa ń tú okùn inú ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀, á gùn, lára ọ̀pọ̀ èèyàn kì í padà mọ́. Ẹ fún àbúrò yín ní tàtijọ́.

Tí mi ò bá fún ọmọ lọ́mú, ṣé ọmú mi á dúró?

Kò ní dúró nítorí ìyẹn. Oyún ló ń mú ọmú sọ̀, kì í ṣe ẹnu ọmọ: àtìgbà oyún ló ti wú tó ti fa awọ, yálà ọmọ mu ún tàbí kò mu ún. Ọjọ́ orí àti iye ìgbà téèyàn lóyún náà wà níbẹ̀, sìgá náà wà níbẹ̀. Torí náà ẹni tó fi oúnjẹ ọmọ du ọmọ torí ẹwà, kò rí ẹwà náà, kò sì fọ́mọ lóúnjẹ. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ.

Kọ́mú tó fún yín mọ́yà lẹ ń wọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń jẹ́ kí ọmú dà bíi pé ó burú ju bó ṣe wà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n yín tuntun. Ọ̀kan á máa tóbi ju èkejì lọ, kò sí wàhálà, ẹ máa fi kékeré bẹ̀rẹ̀ fọ́mọ. Àmọ́ ọmú tó le, tó gbóná, tí ibà tẹ̀ lé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi gbígbóná, ọsibítù ni.

Ìyá ọkọ mi ní àwọn fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi kó lè lọ, ṣé kí n gbà?

Tówẹ́ẹ̀lì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n gbé lé e jẹ́jẹ́, ó dùn, ó ń mú kára tuni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Omi tó ń hó tí wọ́n ń fi agbára tẹ ikùn yàtọ̀. Kò fa ilé-ọmọ wọlé, ọmọ tó ń mu ọmú ló ń fà á wọlé. Ó ń bó èèyàn, pàápàá ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ìyẹn CS, ojú abẹ ò tíì jinná. Bákan náà ni jíjókòó lé omi gbígbóná tó ní álọ́ọ̀mù tàbí Dettol: ibi tí wọ́n rán lẹ fẹ́ bó yẹn. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lásán tó.

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dijú sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe. Ọgbọ́n tí mo dá nígbà tèmi ni pé mo ní nọ́ọ̀sì ló kọ̀ ọ́. Ìyá àgbà ò mọ ilé nọ́ọ̀sì.

Bẹ́líìtì ikùn ńkọ́?

Ó ń gbé ẹ̀yìn ró, ó sì ń dín ìrora ojú abẹ kù tẹ́ ẹ bá ń dìde. Kì í yọ́ ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá tú u, ohun tó wà níbẹ̀ ló máa jáde. Tẹ́ ẹ bá fún un débi tí mímí ti ń ṣòro, ẹ̀ ń ti gbogbo inú lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ṣì rọ̀ lọ́wọ́.

Mo rí tíì kan tó ń fa ikùn wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé mo lè máa mu ún?

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀. Ewé tó ń ṣu èèyàn ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹbí àsùnwọ̀n. Omi àti ìgbẹ́ lẹ yà jáde tẹ́ ẹ ń pè ní kílò méjì, tẹ́ ẹ bá mu omi ó ti padà. Kò sì yẹ kí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú máa fi inú ara ẹ̀ ṣeré bẹ́ẹ̀.

Ẹ má febi pa ara yín. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹja, ẹ̀wà, ìkọ́kọrẹ́ yín náà ẹ jẹ ẹ́, ìwọ̀n lẹ máa dín kù. Ohun tí mo rí tó ń mú èèyàn sanra lẹ́yìn ìbímọ níbí ni mọ́lítì ìgò mẹ́ta lójúmọ́ àti tíì oníwàrà kíki torí kí omi ọmú lè wá. Mọ́lítì kọ́ ló ń mú un wá. Bọ́mọ bá ṣe ń mu ún sí lara á ṣe ṣe é sí, omi lásán sì tó láti fi pa òǹgbẹ. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti dáa gan-an.

Ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀ ẹksasáìsì?

Rírìn, bí ara bá ti gbà á, kódà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo máa ń rí àwọn tó ń rìn lójú títì Báyékú láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ, ẹ bá wọn rìn. Èyí tó lágbára, sísáré àti fífò, ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí wọ́n ṣe CS fún, kó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má sì gbé ohun tó wúwo ju ọmọ ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi wà nínú ẹ̀ o. Bàbá ọmọ ló ni kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Tó bá ti wá mọ́ra, 150 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ẹ lè pín in sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún.

Mi ò sanra, àmọ́ àárín ikùn mi yọ síta bí orí búrẹ́dì tí mo bá ń dìde.

Iṣan méjèèjì tó wà níwájú ikùn ló yà síra wọn. Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ká eékún sókè, ẹ gbé orí nìkan kúrò nílẹ̀, ẹ wá fi ìka tẹ òkè ìdodo àti ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tí ìka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wọ inú àlàfo yẹn, òun nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn ó máa ń sún mọ́ra padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Tí kò bá sún mọ́ra, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sit-up ọgọ́rùn-ún kan lójúmọ́, ó lè máa tì í síta sí i ni. Ẹ wá àwọn físíò, wọ́n wà ní LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín láti fa ikùn wọlé pẹ̀lú èémí. Ìṣòro yìí ni mo máa ń fọwọ́ mọ̀ nígbà tí mo bá ń wọn èèyàn, mo sì ti rí i lára ẹni tó ti ń mu tíì fún ọdún kan. Ọ̀rá kọ́ ni, tíì ò lè rí nǹkankan ṣe sí i.

Tí mo bá sín tàbí mo rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ máa ń já lára mi. Ìyá mi ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìyá yín ò parọ́, ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀, àmọ́ pé ó wọ́pọ̀ ò ní kẹ́ ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Iṣan ìsàlẹ̀ ló rọ̀. Ẹ fún ibẹ̀ pọ̀ bíi pé ẹ fẹ́ dá ìtọ̀ àti isó dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dì í mú, ẹ kà dé mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá lè kà á dé, ẹ tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni kankan ò ní mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe é, inú BRT láti Ìkòròdú sí Mile 12 ni mo ti ṣe tèmi, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ náà wúlò lọ́jọ́ yẹn.

Tí ẹ bá ń mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń já bọ̀ wá sójú ara, ilé-ọmọ lè ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ kí wọ́n wò ó. Tó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ń dà ní gbogbo ìgbà láìdáwọ́ dúró, tọ̀sán tòru, pàápàá lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, ẹksasáìsì kọ́ lọ̀rọ̀ yẹn. Ihò lè ti wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Iṣẹ́ abẹ wà fún un, ẹ má fara pamọ́ sílé torí òórùn. Ègún kọ́ ni.

Ojú abẹ CS mi ti jinná, àmọ́ ara yọ lé e lórí, ibẹ̀ sì kú.

Kíkú yẹn, iṣan ìmọ̀lára kéékèèké tí wọ́n gé ni, ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó mọ ìfọwọ́kàn padà, lára àwọn kan díẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́ kù títí ayé. Ara tó yọ lé e lórí, tẹ́ ẹ bá sanra díẹ̀ á hàn jù, tẹ́ ẹ bá fọn á dín kù, àmọ́ ó lè má lọ tán. Pátá tó ga kọjá ojú abẹ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀, kì í ṣe èyí tí rọ́bà ẹ̀ jókòó lé e.

Tí àpá bá ń wú tó ń yún, tó ń fẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n gé, àwa adúláwọ̀ máa ń ní i dáadáa. Dọ́kítà awọ ní abẹ́rẹ́ fún un. Ẹ má fi nǹkan jó o.

Ikùn mi ti lọ tẹ́lẹ̀, ó tún ń wú bọ̀. Mi ò tíì rí nǹkan oṣù látìgbà tí mo bímọ, kò lè jẹ́ oyún àbí?

Ó lè jẹ́ o! Ẹyin máa ń kọ́kọ́ jáde kí nǹkan oṣù tó dé. Ọmú ń dí oyún lọ́nà dáadáa nígbà tí ohun mẹ́ta bá pé: ọmọ ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sántòru, nǹkan oṣù ò sì tíì wá. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ ra tẹ́ẹ̀sì. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa fi téèpù sọ fún yín, ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò dùn-ún sọ.

Àwọn wo ló yẹ kó lé mi lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì kan ṣinṣin láàárín wákàtí kan. Ibà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn. Orí tó ń fọ́ gidi tójú ń ṣú, torí ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé lẹ́yìn ìbímọ, ó lè dé títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó ń dunni. Kí èèyàn má lè mí tó bá dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì tún máa wú sí i dípò kó máa lọ. Ẹ má dúró kílẹ̀ tó mọ́, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ara ọlọ́mọ ni.

Ní gbogbo òde ni wọ́n ti ń bi mí pé "ṣé òmíràn tún ti wà níbẹ̀ ni?" Kí ni kí n fèsì?

Èmi máa ń ní "oúnjẹ ló wà níbẹ̀, ẹ bá mi dá sí i." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á pin.

Ẹ sì wò ó, ẹni tó fọn náà ò bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní "ṣé ọkọ ò fún ẹ lóńjẹ ni?" Lójú àwọn ìyá wa, ọlọ́mọ tó sanra ni ọlọ́mọ tí wọ́n tọ́jú. Lójú àwọn Instagram, ọlọ́mọ tí ikùn ẹ̀ pẹlẹbẹ ló kápá ara ẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì lẹ dúró sí, kò sí sáìsì kan tó máa tẹ́ wọn lọ́rùn pa pọ̀, èmi tí mò ń gé aṣọ ló ń sọ ọ́. Fọ́tò tẹ́ ẹ ń wò yẹn náà, mo ti rán aṣọ fún irú wọn rí. Aṣọ amúra-le wà lábẹ́ ẹ̀, ó sì mí sínú dúró nígbà tí wọ́n ń ya á.

Bàbá ọmọ mi ti ń wò mí níwòkuwò, ó sì tún fẹ́ ká máa bá ara wa lò, mi ò fẹ́ kó rí mi.

Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Ti bíbá ara yín lò, kò sí ọjọ́ kan pàtó, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì á ní kẹ́ ẹ dúró títí wọ́n á fi yẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ kẹfà. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, kì í ṣe pé ẹ ò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́, fífún ọmọ lọ́mú ló ń fà á, jẹ́ẹ̀lì olómi tó wà fún un ń bẹ ní kẹ́mísì. Tó bá ń dùn yín gan-an, ẹ sọ ọ́ fún dọ́kítà. Ẹ sì ti ṣe ìfètòsọ́mọbíbí kó tó di pé ẹ̀ ń ronú ẹ̀.

Ti wíwò, nígbà míì ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á sójú ẹ̀, òun ń ronú owó ilé. Ẹ bi í. Àmọ́ tó bá fẹnu ara ẹ̀ pè yín lórúkọ burúkú níwájú èèyàn, tó ń fi ikùn yín ṣàpèjúwe, ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ara, ọ̀rọ̀ ìwà ni, kílò tẹ́ ẹ bá sọ̀ ò ní wò ó sàn. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tàbí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún sí i.

Mi ò fẹ́ wo dígí mọ́, mo kàn ń sunkún, kódà ọmọ gan-an ò wù mí gbé.

Ẹkún tó ń wá ṣáá láti bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ, ó wọ́pọ̀, ó máa ń lọ kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun ò wá kódà nígbà tọ́mọ bá sùn, tóúnjẹ ò lọ, tí nǹkankan ò dùn mọ́ yín nínú, àìsàn ni, ó lóògùn, ó sì ní ẹni téèyàn ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àìmoore. Kì í ṣe ayé. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má dúró kó bi yín, èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó lè má bi yín.

Tí ọkàn yín bá ti ń sọ pé kẹ́ ẹ pa ara yín tàbí kẹ́ ẹ ṣe ọmọ ní jàǹbá, tàbí ẹ̀ ń gbọ́ ohùn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé yín lọ sọ́sibítù, kẹ́nì kan sì dúró ti yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ fún ìtusílẹ̀.

Tí mo bá gba ara mi bó ṣe wà, ṣé kì í ṣe pé mo ti ya ọ̀lẹ? Ṣé mi ò sì lè lọ gé ikùn náà kúrò?

Gbígba ara ò ní kẹ́ ẹ má rìn, kẹ́ ẹ má jẹun ire, kẹ́ ẹ má lọ tọ́jú ìtọ̀ tó ń já. Òun ló tiẹ̀ ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè tọ́jú ẹ̀, torí ẹni tó bá kórìíra ara ẹ̀ kì í fẹ́ fi han nọ́ọ̀sì, mo ti rí ẹni tí kò jẹ́ kí n wọ̀n òun, ó ní kí n fojú díwọ̀n ọ́n. Bí ẹ ṣe tún irun ṣe, kẹ́ ẹ kun òrí, kẹ́ ẹ wọ aṣọ tó bá yín mu lónìí, ìyẹn ò ní kí ìdajì kílò má lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ abẹ wà lóòótọ́, owó ńlá ni, ewu ẹ̀ ò sì kéré ju ti iṣẹ́ abẹ míì lọ. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó ti bímọ tán, kó ti gba ọmọ lẹ́nu ọmú fún bí oṣù mẹ́fà, torí oyún míì á tú gbogbo ẹ̀. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí mo kàn máa ń béèrè ni pé ta ló ní kẹ́ ẹ lọ ṣe é.

Kí ni kí n ṣe sáwọn aṣọ tí kò wọlé mọ́?

Ẹ kó wọn wá. Tí ẹni tó rán an bá fi aláwáǹsì, ìyẹn aṣọ tó ṣẹ́ kù lójú ìránpọ̀, sílẹ̀ sínú, mo lè tú ẹ̀gbẹ́ kí n fi ínṣì kan sí méjì sí i. Tí kò bá fi sílẹ̀, a lè ki aṣọ míì bọ ẹ̀gbẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti léèsì, ó ní bí a ṣe ń fi ìyókù aṣọ fìlà ọkọ dí i tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ̀. Síkẹ́ẹ̀tì, róbà ló máa ń gbà. Ṣòkòtò jíǹsì, ẹ gbé e fún àbúrò yín pẹ̀lú bàtà 39 yẹn.

Èyí tí mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ so ọ̀kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá pé ọjọ́ kan ẹ máa wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa jí wò ó láràárọ̀. Ìyá kan gbé tiẹ̀ kọ́ fún ọdún márùn-ún, ìgbà tó gbé e wá fún mi, kòkòrò ti jẹ ìlà ọrùn ẹ̀, aṣọ náà ò sì ṣe é tú mọ́.